Àpò Pupa Lẹ́gbẹ̀ẹ́ Àpò Funfun

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń ro irú iṣẹ́ tí ẹ ó fi ọjọ́ ayé yín ṣe, ẹ jókòó tì mí díẹ̀. N kò ní kí ẹ ṣe bíi tèmi. Mo kàn fẹ́ sọ ibi tí iṣẹ́ mi ti dùn àti ibi tó ti korò, kí ẹ lè fi wé ohun tó wà lọ́kàn yín. Ọmọ Ùsì-Èkìtì ni mí, ṣùgbọ́n Ìkọ̀lé ni mo ti ṣe púpọ̀ nínú iṣẹ́ tíṣà mi, ibẹ̀ náà ni mo sì fẹ̀yìn tì sí. Ìṣirò ni mò ń kọ́ àwọn ọmọ nínú kíláàsì. Bí ọwọ́ ìrọ̀lẹ́ bá dé, mo di rẹfirí bésíbọ́ọ̀lù lórí pápá. Iṣẹ́ orí pápá yìí ni mo fẹ́ sọ, nítorí òun ni mo fẹ́ràn jù, òun náà ló sì ń mú mi jowú títí dòní.

Àwọn kan á ní rọ́ńdà ni mò ń sọ. Rárá o, àwọn méjèèjì kàn jọra ni. Nínú bésíbọ́ọ̀lù, ẹnì kan á ju bọ́ọ̀lù kékeré kan tó le, ẹnì kejì á fi igi gbá a, á sì sáré. Igun mẹ́rin ni pápá náà ní, olùsáré sì gbọ́dọ̀ tẹ àpò tó wà ní igun kọ̀ọ̀kan. Bó bá yí gbogbo rẹ̀ po tó padà sí igun tó ti gbéra, tí àwa Èkìtì ń pè ní ulé, ìyẹn ilé, ẹgbẹ́ rẹ̀ gba àmì kan. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ju bọ́ọ̀lù náà dé ọwọ́ ẹni tó ń ṣọ́ àpò kìn-ín-ní kí ẹsẹ̀ olùsáré tó kan àpò, olùsáré ti kú, kó máa lọ jókòó. Èwo ló kọ́kọ́ dé, bọ́ọ̀lù ni tàbí ẹsẹ̀? Iṣẹ́ rẹfirí ni láti sọ ọ́, gbogbo ènìyàn á sì bínú sí i.

Òyìnbó kan tó wá kọ́ni ní kọ́lẹ́ẹ̀jì tí a ti kọ́ṣẹ́ tíṣà ní Ìkọ̀lé ló mú eré náà dé. Nígbà tó ń padà sílùú rẹ̀, ó fi àwọn igi àti ìbọ̀wọ́ awọ sílẹ̀ fún Ọ̀gá Fágbohùn, olùkọ́ eré ìdárayá wa. Bí mo ṣe dọmọ iṣẹ́ lọ́dọ̀ Ọ̀gá kò gùn: mo bẹ̀ ẹ́, ó sì gbà. Ti owó ẹ̀wẹ̀, kò sí ẹni tó fi owó rẹfirí kọ́lé rí nílẹ̀ Èkìtì.

Àwa méjì ni Ọ̀gá ń kọ́, èmi àti Kúnlé Ajíbóyè, ọmọ Ọ̀yẹ́. Mo ju Kúnlé lọ, ẹ̀gbọ́n ló sì ń pè mí. Ọ̀gá kì í na ẹnikẹ́ni. Dídúró ni ìyà tirẹ̀. Bí o bá ṣàṣìṣe, wàá dúró sínú oòrùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ àpò kìn-ín-ní títí tí ara rẹ á fi gba ẹ̀kọ́ náà. Àpò ìrẹsì tí a fi háríhá àgbàdo kún ni àwọn àpò wa nígbà yẹn, Ọ̀gá ò sì jẹ́ kí a fi ohun mìíràn kún un. Ó ní ìdí rẹ̀. Bí ẹsẹ̀ bá tẹ háríhá gbígbẹ, á dún ṣàà. Bí bọ́ọ̀lù bá wọ ìbọ̀wọ́ awọ, á dún gbà. Ọ̀gá á ní kí a kẹ̀yìn sí àpò, kí àwọn kan máa sáré, kí àwọn kan máa ju bọ́ọ̀lù, kí àwa sì sọ èwo ló ṣáájú. Ó ní ojú kò lè wà níbi méjì lẹ́ẹ̀kan náà: kí a fi ojú wo ẹsẹ̀, kí a fi etí wo bọ́ọ̀lù.

Etí Kúnlé já fáfá. Kì í ṣì í gbọ́. Ọ̀gá á ní, "Kúnlé, o káre." Á wá yíjú sí mi, á ní, "Ìwọ, tún un gbọ́." Ìgbà tí mo bá gbọ́ ọ dáadáa pàápàá, kì í ju kó mi orí lọ. Ibẹ̀ ni owú mi ti bẹ̀rẹ̀. Mo ń sọ èyí fún yín nítorí pé ẹ óò bá irú Kúnlé pàdé níbi iṣẹ́ yòówù kí ẹ yàn, ẹni tí kò ṣẹ̀ yín, tí ẹ kò sì ní lè fara mọ́.

Ní ọjọ́ kan tí kọ́lẹ́ẹ̀jì mìíràn wá bá wa ta ní Ìkọ̀lé, a dé pápá, a kò rí àpò kìn-ín-ní mọ́. Àwọn ewúrẹ́ àdúgbò ti jẹ ẹ́. Àkísà àpò ìrẹsì nìkan ni wọ́n ṣẹ́kù fún wa, òbúkọ kan sì dúró tì í, ó ń jẹnu. Ọ̀gá béèrè pé ta ló yẹ kó ṣọ́ àpò. Kúnlé ní, "Ewúrẹ́ ló ṣọ́ ọ, sà." Ọ̀gá tí kì í rẹ́rìn-ín rọra fi ìka bo ẹnu. Àwa méjèèjì ló rán lọ sí oko kan lọ́nà Òdo-Orò láti lọ wá háríhá, àwọn àlejò sì jókòó dè wá lábẹ́ igi títí a fi rán àpò náà. Bí mo ṣe ń fi abẹ́rẹ́ gún ara mi lọ́wọ́, ohun tí mò ń rò ni pé ká ní èmi ni mo dáhùn bẹ́ẹ̀, inú oòrùn ni ǹ bá sùn sí.

Ẹ gbọ́ ọgbọ́n Ọ̀gá mìíràn. Ẹni tó ń ju bọ́ọ̀lù lè mọ̀ọ́mọ̀ fi àkókò ṣòfò, á máa nu ọwọ́, á máa wo ọ̀run. Ọ̀gá, tí í ṣe ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì Áńgílíkà láti kékeré, á máa kọ ẹsẹ orin ìsìn kan nínú ọkàn rẹ̀. Bí ẹsẹ orin náà bá parí tí ọ̀gbẹ́ni náà kò tíì jù ú, Ọ̀gá á fi ìyà jẹ ẹgbẹ́ rẹ̀. Bí oòrùn bá mú gan-an, orin náà máa ń yára. Kò sí orin nínú ìwé òfin o, ẹ fi ìyẹn sọ́kàn.

Mo wá dé ibi tó ṣòro fún mi. Pápá kan ní Ọ̀yẹ́ ni a wà, kọ́lẹ́ẹ̀jì wa ń bá àwọn mìíràn díje. Èmi ni rẹfirí àpò kìn-ín-ní, Kúnlé wà ní ẹ̀yìn ulé. Bánjí, ọmọ Ọrin-Èkìtì, akẹ́kọ̀ọ́ kọ́lẹ́ẹ̀jì wa, ló ń ṣọ́ àpò náà. Ó ga, ara rẹ̀ sì rọ̀, iṣẹ́ olùkọ́ eré ìdárayá ló ń kọ́, gbogbo wa ló sì mọ̀ pé iṣẹ́ náà yẹ ẹ́. Wọ́n gbá bọ́ọ̀lù, olùsáré kan tó sanra bọ́ sọ́nà. Bọ́ọ̀lù tí wọ́n jù sí Bánjí wọ́lẹ̀, ó ní láti na apá, kó sì fi ẹsẹ̀ dábùú àpò kó lè dé ibẹ̀. Àpò kan ṣoṣo ni, àwọn méjèèjì ni òfin sì ní kí wọ́n tẹ̀ ẹ́. Olùsáré kò lè dúró mọ́. Mo gbọ́ ṣàà, mo gbọ́ gbà, mo sì gbọ́ ìró kẹta tí Ọ̀gá kò kọ́ wa.

Mọ́tò ọ̀gá àgbà kọ́lẹ́ẹ̀jì la fi gbé Bánjí lọ sí ilé ìwòsàn ńlá ní Ìdó. Wọ́n gbìyànjú lórí rẹ̀. Egungun ẹsẹ̀ rẹ̀ tó kán jinná, ṣùgbọ́n kò jinná tààrà, Bánjí kò sì lè sáré mọ́ láti ọjọ́ náà. Ó padà sílé ní Ọrin, ó mú oko kòkó àti ẹ̀gẹ́ bàbá rẹ̀ ṣe.

N kò lè sùn dáadáa lẹ́yìn ìyẹn. Bí mo bá pa ojú dé, ẹsẹ̀ méjì ni mò ń rí lórí àpò kan. Mo wá ra àpò ìrẹsì mìíràn, mo fi osùn kùn ún, mo rán an, mo sì gbé e ti ẹ̀gbẹ́ àpò kìn-ín-ní, síwájú díẹ̀ níta ìlà. Pupa fún olùsáré, funfun fún ẹni tó ń ṣọ́. Kálukú ní ibi tí yóò gbé ẹsẹ̀ lé. A fi dánra wò ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń sáré kọjá lára ara wọn láìfarakàn. Inú mi dùn débi pé mo ń fọwọ́ pa ara mi lórí.

Ọ̀gá Fágbohùn dé.

"Kí lèyí?"

"Àpò olùsáré ni, sà. Kí ẹsẹ̀ má baà tún kán."

"Níbo ló wà nínú ìwé òfin?"

"Kò sí níbẹ̀, sà."

"A jẹ́ pé kò sí nílẹ̀."

Ó gbé àpò pupa náà, ó jù ú sí búùtù mọ́tò rẹ̀, n kò sì fojú kàn án mọ́. Bí mo bá rántí orin inú ọkàn rẹ̀, tí kò sí nínú ìwé òfin kankan, inú mi á tún ru. Ṣùgbọ́n ti Ọ̀gá kò dùn mí tó ti Kúnlé. Ó dúró níbẹ̀, ó rí gbogbo rẹ̀. Bí a ṣe ń rìn lọ sílé, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, Ọ̀gá ló jàre. Bí olúkúlùkù bá ń rán àpò tirẹ̀, pápá á di ọjà."

Ọdún gorí ọdún. Irinṣẹ́ yí padà. Igi tí a fi ń gbá bọ́ọ̀lù di onírin, ó ń dún bí agogo ṣọ́ọ̀ṣì. Àpò di rọ́bà, kò dún mọ́ rárá, gbogbo ohun tí a fi etí kọ́ sì di ìtàn. Kúnlé lọ kọ́ ẹ̀kọ́ rẹfirí ní Àbújá, ó tún lọ sókè òkun. Nígbà tí Ọ̀gá kú, Kúnlé ni wọ́n ní kó sọ̀rọ̀ níbi ìsìnkú, ó sì sọ ọ́ débi tí mo fi sunkún, tí mo sì tún jowú bí mo ṣe ń sunkún. Mo fẹ̀yìn tì. Òun di alága àwọn tó ń rí sí òfin eré náà láàárín àwọn yunifásítì àti kọ́lẹ́ẹ̀jì ẹkùn wa. Gbogbo alángbá ló dakùn délẹ̀, a ò mọ èyí tí inú ń run. Bí mo bá pàdé Kúnlé, mo máa ń rẹ́rìn-ín sí i.

Lẹ́nu àìpẹ́ yìí ni Dókítà Adérónkẹ́, ọ̀gá eré ìdárayá ní yunifásítì kan ládùúgbò wa, fi fóònù pè mí. Ó ní àwọn kọ́lẹ́ẹ̀jì ilẹ̀ òkèèrè ti yí òfin bésíbọ́ọ̀lù padà, pé a fẹ́ ṣèpàdé ní Ọ̀yẹ́ kí a tó bẹ̀rẹ̀ ìdíje, kí a mọ èyí tí a ó gbà. Ó ní ohun tí àwa àgbà rẹfirí bá fẹnu kò lé lórí ni òun ó tẹ̀ lé. Inú mi dùn. Ṣùgbọ́n kí ìpàdé tó pé, Kúnlé fi àwòrán kan ránṣẹ́ sí mi lórí Wọ́sáàpù. Àpò kìn-ín-ní ni, ó ti di méjì: funfun fún ẹni tó ń ṣọ́, èkejì pupa rẹ́súrẹ́sú fún olùsáré. Ó kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ wo ohun tuntun tí mo fẹ́ gbé kalẹ̀."

Ohun tuntun. Mo wo àwòrán náà títí iná fóònù fi kú mọ́ mi lọ́wọ́. Ìyàwó mi gbé iyán kalẹ̀, n kò lè jẹ ẹ́. Mo pinnu pé màá dìde ní ìpàdé, màá ní kí wọ́n dá òfin àpò méjì dúró. Mo mọ ohun tí màá sọ: owó kò sí, àpò kan ni a ti ń lò tipẹ́, kí a má máa sáré tẹ̀ lé òyìnbó. Bí àwa àgbà bá sọ bẹ́ẹ̀, wọ́n á gbà. Àpò á wà ní ọ̀kan ṣoṣo, Kúnlé á sì ká àwòrán rẹ̀ padà sílé.

Ṣùgbọ́n mo fẹ́ ẹlẹ́rìí pẹ̀lú, ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ mú mi kọ́kọ́ rán àpò pupa. Mo wọ tasín dé Ìdó, mo gun ọ̀kadà dé Ọrin. Mo bá Bánjí níwájú ilé rẹ̀, ó ń la kòkó, ó na ẹsẹ̀ tó wọ́ náà síwájú. Ó kí mi dáadáa, ó béèrè ìyàwó àti àwọn ọmọ, kó tó bi mí ohun tó gbé tíṣà wá sí ulé òun. Mo ro gbogbo rẹ̀ fún un, láti orí osùn dé orí Wọ́sáàpù. Ó gbọ́ ọ tán, ó ń la kòkó lọ.

Ó ní, "Tíṣà, bí wọ́n bá gbà pé tiyín ni, ṣé ẹsẹ̀ mi á nà?"

Mo ní kì í ṣe bẹ́ẹ̀ ni mo sọ.

"Ẹ̀yin àti Bọ̀dá Kúnlé ń du àpò. Èmi ni mo ni ẹsẹ̀, n kò sì pè yín lẹ́jọ́."

Ó bú sẹ́rìn-ín, èmi náà rẹ́rìn-ín nítorí pé n kò mọ ohun mìíràn tí mo lè ṣe. Mo bi í bóyá á tẹ̀ lé mi lọ sí ìpàdé. Ó ní òun kì í fi ẹsẹ̀ kan ààbọ̀ rin ìrìn ẹjọ́, ó sì di iṣu fún mi. N kò bá a jiyàn. Ṣùgbọ́n owú mi kò kúrò lára mi ní Ọrin o. Mo gbé e padà sí Ìkọ̀lé pẹ̀lú iṣu náà.

A dé ìpàdé. Òfin aago ló ṣáájú: wọ́n á gbé aago ńlá kan sí ẹ̀gbẹ́ pápá, ẹni tó ń ju bọ́ọ̀lù gbọ́dọ̀ jù ú kó tó parí. Mo sọ fún wọn nípa orin ìsìn Ọ̀gá, wọ́n rẹ́rìn-ín. Mo fara mọ́ aago, nítorí aago kì í yára tìtorí oòrùn. Òfin kejì ni pé bí ẹgbẹ́ kan bá ti fi àmì púpọ̀ ju èkejì lọ, kí eré parí síbẹ̀ bí àánú. Èmi kò fẹ́ ẹ. Mo ti rí ẹgbẹ́ tí wọ́n lù bí ẹni lu bàrà, tí wọ́n wá rí àmì kan gbà nígbà tí oòrùn ń wọ̀, tí wọ́n sì jó bí ẹni tó gba ife. Ẹni tó ń pàdánù ní ẹ̀tọ́ láti pàdánù tán. Wọn kò gbà pẹ̀lú mi, òfin náà wọlé. Ẹ̀kẹta ni pé rẹfirí lè wo fídíò kó tó sọ ìpinnu rẹ̀. Ẹ̀yin ọmọ òde òní lè dá ayé padà sẹ́yìn kí ẹ tún un wò! Èmi rí tèmi lẹ́ẹ̀kan, mo pariwo rẹ̀, wọ́n bú ìyá mi, mo lọ sílé. Mo jowú ìyẹn náà.

Ó wá kan àpò méjì. Kúnlé dìde, ó fi àwòrán hàn, ó ṣàlàyé bó ṣe rí lókè òkun. Kò dárúkọ mi. Akọ́nimọ̀ọ́gbá àgbà kan láti Ìdó ní ìnáwó lásán ni, pé àpò kan ni gbogbo wa lò tí a fi dàgbà. Àwọn kan ń mi orí. Kò sí ọ̀rọ̀ kankan tí mo ti múra sílẹ̀ tí ọkùnrin náà kò ti bá mi sọ.

Dókítà Adérónkẹ́ yíjú sí mi. "Bàbá Tíṣà, ẹ̀yin lẹ pẹ́ jù lórí àpò kìn-ín-ní. Ọ̀rọ̀ yín la ń dúró dè."

Kúnlé ń wò mí. Mo mọ̀ pé ó rántí osùn. Mo dìde, mo di ẹ̀yìn àga mú.

Mo ní, "Mo ti gbọ́ bí egungun ṣe ń kán lórí àpò kan ṣoṣo. Ẹ gbà á."

Mo jókòó. Ọ̀rọ̀ tó kù wà lẹ́nu mi, mo gbé e mì, ó sì korò. Wọ́n gba òfin náà wọlé, wọ́n pàtẹ́wọ́ fún Kúnlé.

Níta, ó wá bá mi níbi tí mo ti ń dúró de mọ́tò. Ó dọ̀bálẹ̀ díẹ̀, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, pupa tiyín dára ju ti àwọn òyìnbó yìí lọ."

"Kí ló dé tí o kò sọ bẹ́ẹ̀ nínú ilé?"

"Mò ń retí kí ẹ̀yin fúnra yín sọ ọ́ ni, sà."

N kò mọ̀ bóyá òtítọ́ ló sọ. Mo ti rò ó síwá, mo ti rò ó sẹ́yìn, n kò tíì mọ̀. Ó wá bẹ̀ mí pé kí n dúró ti àpò kìn-ín-ní nínú ìdíje àkọ́kọ́ tí a ó fi òfin tuntun ta. Ìbá wù mí kí n kọ̀ fún un. Mo gbà.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ mú lọ nìyí, ẹ̀yin ọ̀dọ́. Bí ẹ bá yan iṣẹ́ tó ń dáàbò bo ènìyàn, ẹ mọ̀ pé ọjọ́ tí ẹ bá ṣe é dáadáa jù, kò sí ohun tí ojú máa rí. Kò sí ẹni tó ń pàtẹ́wọ́ fún ohun tí kò ṣẹlẹ̀. Bí ìyẹn kò bá tó yín, ẹ wá iṣẹ́ mìíràn lọ, kò sí ẹ̀ṣẹ̀ níbẹ̀.

Ọjọ́ ìdíje náà pé. Akẹ́kọ̀ọ́ kan gbá bọ́ọ̀lù, ó sì bọ́ sọ́nà bí ìjì. Bọ́ọ̀lù tí wọ́n jù wọ́lẹ̀, ẹni tó ń ṣọ́ àpò na apá, ó na ẹsẹ̀, ó tẹ funfun. Akẹ́kọ̀ọ́ náà tẹ pupa, ó kọjá. Aṣọ wọn pàápàá kò kan ara. Mo na àtàǹpàkò mi sẹ́yìn: bọ́ọ̀lù ló ṣáájú, olùsáré ti kú.

Ó sáré padà wá bá mi, ó ń mí gúlegúle. "Bàbá, ẹ̀yin náà ẹ wò ó. Mo ti dé kí bọ́ọ̀lù ó tó dé."

"O kò dé, ọmọ mi. Máa lọ jókòó."

"Bàbá, ẹ rẹ́ mi jẹ."

Mo wo ojúgun rẹ̀ tó tọ́ bí ìgbálẹ̀, tí eruku pọ́n lára rẹ̀, mo sì jowú rẹ̀ nítorí Bánjí, ju bí mo ṣe jowú Kúnlé rí lọ. Kò mọ ohunkóhun. Ó wò mí tìbínú-tìbínú, ó yí ẹ̀yìn padà, ó sì fi ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì rìn jáde nínú pápá.